Àgbélébùú Ẹfun ní Yàrá Kẹta

Ní agogo márùn-ún ìdájí, ọ̀pá kan àjà yàrá ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, Bryony sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀.

Ẹsẹ̀ gbígbé yẹn ti mọ́ ọn lára. Ọdún kọkànlá rèé tí Bryony Tasker, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti ìlú Hull, ti ń jí ní ìdájí láti ṣiṣẹ́ nínú ilé òkè yìí ní Analco, àdúgbò kan ní ìlú Puebla ní Mẹ́síkò, nítorí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún un wà, oòrùn wọn sì ti ga nígbà tí àkùkọ Puebla ṣì ń sùn. Kò ní ọ̀gá kan pàtó. Àwọn tó ń tẹ ìwé ńláńlá ló máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí i, òun á sì to orúkọ gbogbo ènìyàn àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà, pẹ̀lú ojú ewé tí a ti lè rí wọn. Àga tó ń jókòó sí ní táyà lẹ́sẹ̀. Bí àga náà bá ti yí pẹ́nrẹ́n, Donya Eduviges, ìyẹn Màmá Eduviges, tó ń gbé yàrá kẹta nísàlẹ̀ á fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan àjà lẹ́ẹ̀mẹta, kí òyìnbó lè mọ̀ pé àgbàlagbà ń sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn méjèèjì á kí ara wọn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Donya Eduviges ti kú. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Yàrá kẹta wà ní títì. Kò sí ohunkóhun nílẹ̀ ibẹ̀ mọ́ àfi àgbélébùú tí wọ́n fi ẹfun tẹ́ síbi tí wọ́n gbé òkú sí. Kò sí ẹni tó ń sùn nínú yàrá tí irú àgbélébùú bẹ́ẹ̀ bá wà, títí ọjọ́ kẹsàn-án á fi pé, tí ènìyàn márùn-ún á gbá ẹfun náà jọ ní ìpín ìpín, ẹsẹ̀, apá méjì, àárín àti orí, tí wọ́n á sì gbé e lọ sójú oórì lọ́jọ́ kejì. Domitila, ọmọ olóògbé, tó ti ń gbé yàrá yẹn láti kékeré títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ń sùn lọ́dọ̀ Donya Rufina ní òdìkejì àgbàlá. Ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Odilón, ọkọ Bryony, ti lajú lórí ibùsùn.

"O gbọ́ ọ?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Páìpù omi ni."

"Omi ò sí nínú páìpù láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Odilón kọjú sí ògiri. Kò sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bryony fún Renata ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ẹ̀wà àti tọ̀tíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, tó gbóná, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgbàlá. Àwọn obìnrin ti dáná. Wọ́n ń yan ata gbígbẹ fún ọbẹ̀ mole, èéfín rẹ̀ sì ń mú gbogbo ilé wúkọ́. Domitila jókòó ti agbada kan, ó ń fi háhá àgbàdo pọ́n tamali, tó dà bí ẹ̀kọ. Aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, kò sì gbójú sókè. Bryony jókòó tì í, ó mú háhá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ òní, òun ló máa gbé orí àgbélébùú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú dé ni Domitila ti fi iṣẹ́ náà lọ̀ ọ́, ó sì gbà. Iyì ńlá ni. Ẹni tí wọn ò bá kà sí ẹbí, wọn kì í fún un ní orí.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwa ayálégbé yìí, ilé Socorro, tí wọ́n ti sọ di ilé àlejò.

"Ọgbọ̀n ọdún ló fi gbé e," ni Donya Rufina wí. Òun ló dàgbà jù nílé wa báyìí, ẹnu rẹ̀ sì mú. "Lónìí, àlejò tó sùn síbẹ̀ lánàá, ẹ ò ní rí i mọ́ lọ́la. Àpótí oní-táyà ni wọ́n kàn ń wọ́ lórí òkúta, gìrì gìrì gìrì, tọ̀sán tòru."

"Wọn kì í kí èèyàn," ni obìnrin kejì wí.

"Ọ̀kan kí mi. Ó kọ́kọ́ ya fọ́tò mi ná. Ìgbà tó rí i pé mo ṣì ń wo òun ló tó kí mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Donya Rufina na ṣíbí sí Bryony. "Òyìnbó tiwa yìí ń kí èèyàn ní tiẹ̀. Ó tilẹ̀ ń kí ajá." Bryony náà rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnì kan kọ̀wé?" Donya Rufina rẹ ohùn sílẹ̀. "Lọ́yà Barragán fi ìwé kan han Eduviges lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní ẹnì kan wà tó ń fẹ́ yàrá kẹta, tó máa san ìlọ́po méjì. Kí Eduviges san bẹ́ẹ̀ tàbí kó kó jáde. Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn o. Ọjọ́ Àìkú ló ṣubú lulẹ̀."

"Ta ni onítọ̀hún?"

"Eduviges ò fẹ́ dárúkọ ẹ̀ fún mi. Ó ní kí n má bínú, ojú òun ò ríran kàwé dáadáa. Eduviges tó ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́ láìwọ gíláàsì."

"Irú ọkàn wo lèèyàn bẹ́ẹ̀ ní," ni Bryony wí. Inú bí i lóòótọ́. "Kéèyàn máa fẹ́ yàrá ẹni tó ṣì wà nínú ẹ̀."

Ọwọ́ Domitila dúró lórí háhá. Ó wo Bryony fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó so tamali náà, ó gbé e sínú ìkòkò, ó mú òmíràn.

"Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé," ni Donya Rufina wí, "ń bẹ lájà fún ìyàwó." Kò wo ẹnikẹ́ni nígbà tó sọ ọ́.

Agogo mẹ́wàá lù, Lọ́yà Barragán sì wọlé. Òun ni aṣojú onílé. Onílé fúnra rẹ̀ ń gbé Monterrey, a ò mọ ojú rẹ̀ rí. Ìbínú tí mo ní sí ọkùnrin yìí ò tíì tán nínú mi: ó dúró lójú ìlẹ̀kùn yàrá kẹta, ó ṣí fìlà, ó súre fún òkú, ó sì fi ẹsẹ̀ wọn fífẹ̀ ìlẹ̀kùn náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló gòkè lọ bá Bryony, tó ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú oríire, màdáámù. Ọ̀rọ̀ yín ti bọ́ sí i."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Ó tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan ni àdéhùn yàrá kẹta, orúkọ Bryony ti wà nínú rẹ̀. Èkejì ni lẹ́tà tí Bryony fúnra rẹ̀ kọ lásìkò òjò èṣí.

Ó kà á. Renata ń dàgbà, ọmọ náà nílò ibi tó máa máa sùn láìgbọ́ ariwo àga. Bryony fẹ́ ibi kékeré kan tó lè máa ṣiṣẹ́. Ó ti kọ ọ́ báyìí pé: bí yàrá ìsàlẹ̀ kan bá ṣófo lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀ dè é, mo lè san tó ìlọ́po méjì. Ó kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́, ó gbàgbé. Níbi tí wọ́n ti bí i, wọn kì í ka ìyẹn sí nǹkan kan. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ dè níbẹ̀: ilé ìwé ọmọ tí wọn ò tíì bí, ibùjókòó, dókítà. Bàbá rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ de oko kékeré kan tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ọdún mọ́kànlá ló fi dúró. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé pé ó ti kan bàbá, kéèkì ni wọ́n rà. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí olóko àtijọ́ lọ. Bryony, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, rí bàtà ọkùnrin kan nínú àhéré oko náà, ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé ẹ máa fi han Màmá," ni ó wí.

"Ṣé mo wá fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ ni? Èmi ò lé ẹnikẹ́ni. Mo kàn jẹ́ kí Màmá mọ̀ pé ẹni tó lè san án wà." Ó yọ kálàmù, ó rí ojú Bryony, ó tún fi kálàmù sápò. "Mo mọ̀ pé ẹ ní àdúrà lónìí. Mo máa padà dé ní agogo mẹ́fà. Orúkọ ìyá ló wà lórí àdéhùn àtijọ́, ó sì ti bá a lọ. Ọmọ ẹ̀ ò ní ẹ̀tọ́ kankan. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín."

Nígbà tó lọ, Bryony jókòó, kò ṣiṣẹ́. Àga yí díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó kan àjà, ìyẹn gan-an ló sì bà á lẹ́rù.

Agogo méjì ni Odilón máa ń wálé jẹun. Káfíńtà ni. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ṣíbí sílẹ̀.

"Fọwọ́ sí i," ni ó wí.

"Domitila ńkọ́?"

"Tí o ò bá fọwọ́ sí i, ṣé Domitila ni wọ́n máa fún? Ẹni tó máa sọ ọ́ di ilé àlejò ni wọ́n máa fún. Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ wa, ká sọ pé kí Domitila máa gbé e."

"Barragán kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Odilón, èmi ni mo pa obìnrin yẹn."

"Ikú ló pa á. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin."

"Ọjọ́ Ẹtì ló ríwèé, ọjọ́ Àìkú ló ṣubú."

"Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. O ò mọ̀ ọ́n mọ̀. Ó tán."

"Ìwọ ńkọ́, tó o kan ìlẹ̀kùn tuntun sí ilé Socorro? Ìwọ mọ̀ ọ́n mọ̀."

Odilón fi ṣíbí sílẹ̀. Òótọ́ ni. Òun ló yọ ìlẹ̀kùn àtijọ́, òun ló kan èyí tó ń fi bọ́tìnì ṣí, ara ìlẹ̀kùn àtijọ́ yẹn sì ni Socorro ti fi ọ̀bẹ fín ìlà gíga àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́dọọdún. Odilón tà á fún alábúrẹ́dì láti fi dáná. Wọ́n ti sun ún. Ó dìde, ó lọ fọ ọwọ́ nínú korobá, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Mi ò lè gbé orí yẹn," ni Bryony wí. "Mo fẹ́ sọ fún un pé kó wá ẹlòmíràn."

"A kì í kọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ wa," ni ọkọ rẹ̀ wí, láìbojú wẹ̀yìn.

Bryony sọ̀ kalẹ̀ láti jẹ́wọ́. Ó bá Domitila níwájú dígí Donya Rufina, ó ń de bọ́tìnì aṣọ dúdú.

"Domi, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ọ sọ."

"Lẹ́yìn àdúrà."

"Kò yẹ kó di ẹ̀yìn àdúrà."

"Òyìnbó mi, ó ti pẹ́ tó wà nílẹ̀. Kò ní sá lọ." Ó fún un ní ìgbálẹ̀ kékeré tuntun kan àti àwo funfun kan. "Ẹsẹ̀ la máa fi bẹ̀rẹ̀. Orí ló máa ń kẹ́yìn. Rọra gbá a, má jẹ́ kó fọ́n ká."

Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, Domitila yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí yàrá kẹta. Òórùn òdòdó tó ti ń rọ kí wa. Ẹfun náà wà nílẹ̀, ó funfun, kò sí ipasẹ̀ kankan lórí rẹ̀, kódà ti aáyán. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ Donya Eduviges fara ti ògiri nísàlẹ̀ ibi tí àga Bryony wà lókè, a sì rí ojú ibi tó ti máa ń kàn án lájà: dídú kékeré kan, bí ojú ibi tí èéfín àtùpà ti kan. Àwọn tó mọ ibi tí wọ́n máa wò wò ó. Eruku àjà tuntun ti já bọ́ láti ibẹ̀ sórí ilẹ̀, díẹ̀ bí iyọ̀ tí èèyàn fi ìka mú.

Wọ́n gbàdúrà. Alábúrẹ́dì gbé ẹsẹ̀. Donya Rufina gbé apá ọ̀tún, àbúrò rẹ̀ gbé ti òsì, ọmọbìnrin kan láti yàrá keje gbé àárín. Ẹfun wọn gbẹ, ó dà sínú àwo wuuru. Lẹ́yìn náà ó kan orí.

Bryony kúnlẹ̀. Odilón di àwo mú fún un. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, nǹkan kan ò kúrò. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ìgbálẹ̀ kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹfun orí ti le mọ́ ilẹ̀. Òjò ò rọ̀, omi ò sí nílé, gbogbo ìyókù ló sì gbẹ. Ó fọwọ́ kàn án, ó tutù.

Ọmọ kan tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà dákẹ́.

"Òkú ò tíì fẹ́ ká gbé orí," ni Donya Rufina wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ òkú, kó sọ ọ́ báyìí. Tí ó bá ti dé ojú oórì, ó tán."

Ẹ̀rù ba Bryony. Ó gbójú sílẹ̀, ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo kọ̀wé," ni ó wí. "Ìwé tí wọ́n fi hàn yín, èmi ni mo kọ ọ́. Mo forúkọ sílẹ̀ de yàrá yín, Màmá, ẹ sì wà nínú ẹ̀. Ẹ dárí jì mí."

Domitila ló gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Orúkọ rẹ wà lórí ìwé náà. Ìyá mi ló kà á sí mi létí."

"O mọ̀, o sì fún mi ní orí?"

"Òun ló ní kí n fún ọ. Ọjọ́ Sátidé ló sọ fún mi, kó tó ṣubú. Ó ní, 'Òyìnbó yẹn ò burú. Kò kàn mọ̀ pé èèyàn wà lábẹ́ òun ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kàn án fún un.'"

Bryony sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó fi èékánná wa ẹfun náà. Ó dùn ún, ẹ̀jẹ̀ yọ ní ìka kan. Lẹ́yìn náà ẹfun náà ṣí kúrò nílẹ̀ lódindi, bí èèpá ojú egbò tó ti jinná, ó sì gbé e sínú àwo. Ojú ibẹ̀ funfun sílẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí a jáde, Lọ́yà Barragán ti wà ní àgbàlá, ó dúró síbi tí Renata di àbẹ́là mú, ó ń lo ìmọ́lẹ̀ ọmọ náà láti ka ìwé rẹ̀. Agogo mẹ́fà géérégé ni.

"Mi ò ní fọwọ́ sí i," ni Bryony wí. "Mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Yọ orúkọ mi kúrò."

"Kò burú." Kò bínú rárá. Ó yọ ìwé kan tó ká jọ láti inú àpò, ó tú u, ó gùn kọjá orúnkún rẹ̀. Ó fa ìlà kan, ó sọ ìka kalẹ̀ díẹ̀. "Ẹni tó kàn ti ń dúró láti oṣù kẹrin. Màdáámù Domitila, kẹ́ ẹ kó jáde lọ́la, ẹ jọ̀ọ́."

"Kò tó ọ̀la," ni Domitila wí. Ẹrù rẹ̀ mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà Donya Rufina, ó ti dì wọ́n láti àná. Ó mú ọ̀pá ìgbálẹ̀ ìyá rẹ̀, ó nà án sí Bryony. "Gba èyí. Kò sí ẹni tó máa bá mi lò ó níbi tí mò ń lọ. Orí ilẹ̀ lásán ni, kò sí òkè."

"Domi, ṣé ìwọ lò ń kàn án? Ní gbogbo ìdájí yìí?"

Domitila wò ó. "Ọ̀dọ̀ Rufina ni mò ń sùn," ni ó wí.

Ìkòkò mole kún, a sì jẹ ẹ́, torí pé a kì í jẹ́ kí oúnjẹ òkú ṣẹ́kù. Donya Rufina bu oúnjẹ fún Bryony bí ó ṣe bu fún gbogbo ènìyàn, kò dín in kù, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Bryony gbé abọ́ gòkè. Ó gbé ọ̀pá náà ti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Àwọn mẹ́ta jókòó yí tábìlì ká, Odilón sì fa tọ̀tíyà ya, ó fi èyí tó gbóná jù síwájú ìyàwó rẹ̀. Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn.

"Màmá," ni Renata wí.

"Jẹun."

"Ìwé tí bàbá yẹn mú dání. Gbogbo yàrá ilé yìí ló wà nínú ẹ̀. Ti Donya Rufina wà níbẹ̀. Tiwa náà wà níbẹ̀."

Odilón dẹ́kun jíjẹ.

"Kí ló wà lábẹ́ tiwa?" ni Bryony bi í.

"Orúkọ ni. Mo ka méje kó tó ká a jọ."

Nínú yàrá kẹta, níbi tí wọ́n ti gbé ẹfun kúrò, tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò, tí Lọ́yà Barragán sì ti fi àgádágodo tuntun sí, ohun kan kan àjà lẹ́ẹ̀mẹta. Bryony wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ọ̀pá náà wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò nílẹ̀.